Ìwé Àkọsílẹ̀ Mi Fẹ́rẹ̀ẹ́ Dá Ìjà Sílẹ̀ Lábà: Bí Mo Ṣe Gba Oyè Kejì ní Yunifásítì

"Ọmọ, ta ni ó rán ọ wá?"

Ìbéèrè tí Baálẹ̀ abà kan ní ìhà Ọ̀nà-Àrà kọ́kọ́ bi mí nìyẹn, ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan ní ọdún 2012, nígbà tí mo gbé àpò ìwé kọ́ èjìká tí mo dé ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀. Mo ní, "Bàbá, kò sí ẹni tí ó rán mi. Ẹ̀kọ́ ni mo ń kọ́." Bàbá wò mí láti òkè dé ilẹ̀. Ó wo bàtà mi, ó wo orí mi tí ewú ti ń yọ, ó ní, "Irú ẹ̀kọ́ wo ni ẹni tí ó ti hu ewú ń wá kọ́ lábà?" Àwọn tí ó jókòó níbẹ̀ bú sí ẹ̀rín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n n kò ní èsì gidi kan láti fọ̀.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, pàápàá ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, àti ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ ń fi èrè ọjà rán ọmọ nílé-ẹ̀kọ́, ìtàn bí mo ṣe rí èsì ìbéèrè Bàbá yìí ni mo fẹ́ sọ fún yín. N kò ní dárúkọ abà náà, n kò sì ní dárúkọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga tí mo lọ. Ìdí rẹ̀ yóò yé yín kí ẹ tó kà á tán.

OHUN TÍ Ó TÌ MÍ SÍ I

Olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí ní ìlú kékeré kan ní Lágelú, tí kò jìnnà sí Lálúpọn. Ìyá mi ń ta gàrí àti èlùbọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń ná ọjà àárín oko mọ̀ pé ọjà wa kì í tẹ̀lé ọjọ́ ọ̀sẹ̀ ti òyìnbó. Ọjọ́ márùn-ún márùn-ún ni àwọn kan ń pé, ọjọ́ mẹ́sàn-án mẹ́sàn-án ni àwọn mìíràn, bí àwọn baba wa ṣe ń ka ọjọ́, tí wọ́n ń ka òní mọ́ ọn. Bí ọjà ọlọ́jọ́ márùn-ún bá bọ́ sí Mọ́ńdè, yóò tún bọ́ sí Fúráìdè ọ̀sẹ̀ kan náà, lẹ́yìn èyí yóò bọ́ sí Túsìdè. Ní gbogbo ọjọ́ ọjà, bí ìdajì àwọn ọmọ kíláàsì mi kì í wá. Bí wọ́n bá dé lọ́jọ́ kejì, ẹgba ni mo fi ń kí wọn.

Ní ọjọ́ kan mo bá ìyá mi ru ẹrù lọ sí ọjà. Mo rí ọmọ kan nínú kíláàsì mi, tí mo ti máa ń pè ní olódo nítorí pé kò mọ ìṣirò, tí ó ń wọn gàrí fún oníbàárà mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ń gba owó, ó ń fún wọn ní ṣéńjì, ó sì mọ iye tí ó yẹ kí ó kù sínú àpò. Kò ṣì í lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tí ó rí mi, ó sá wọ ẹ̀yìn ìyá rẹ̀. Ojú tì mí ju bí ojú ti tì í lọ. Mo rò ó lọ sílé pé ọdún mẹ́rìnlá ni mo ti ń kọ́ ọmọ àwọn ènìyàn wọ̀nyí, síbẹ̀ n kò mọ̀ wọ́n.

Mo sọ ọ̀rọ̀ náà fún ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ kan tí ó ti fẹ̀yìntì. Ó wọ yàrá rẹ̀, ó mú ìwé kan jáde tí eruku ti bò. Ìwé Ọ̀mọ̀wé Nathaniel Akinremi Fadipe ni, tí a pè ní The Sociology of the Yoruba. Ó ní, "Lọ ka èyí. Ìmọ̀ tí o ń wá, ó ní orúkọ. Anthropology ni wọ́n ń pè é."

Ìmọ̀ yìí kò ju kí ènìyàn fi sùúrù kọ́ bí àwọn ènìyàn ṣe ń gbé ayé wọn: bí wọ́n ṣe ń fẹ́ ìyàwó, bí wọ́n ṣe ń pín ogún, bí wọ́n ṣe ń gba ilẹ̀, bí wọ́n ṣe ń ná ọjà, àti ohun tí wọ́n gbà gbọ́. A kì í kọ́ ọ tán nínú ìwé. Ènìyàn gbọ́dọ̀ lọ bá wọn gbé.

FADIPE ỌMỌ ABẸ́ÒKÚTA

Ẹ jẹ́ kí n sọ díẹ̀ nípa ọkùnrin yìí, nítorí púpọ̀ nínú wa kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí. Abẹ́òkúta ni a ti bí i ní ọdún 1893. Ó kàwé ní ìlú òyìnbó, ó sì ṣe olùkọ́ rí ní Achimota ní Gold Coast, tí a ń pè ní Gánà nísinsin yìí. Ní ọdún 1939, Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù fún un ní oyè ọ̀mọ̀wé lórí ìwé ńlá tí ó kọ nípa ètò ìgbé-ayé Yorùbá: ìdílé, ìgbéyàwó, ilẹ̀, oyè jíjẹ, ẹ̀sìn. Ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta ni ó tó nígbà náà, kì í ṣe ọmọdé. Ní ọdún 1944 ó kú. Ìwé náà wà ní ipò tí ó fi sí, tí ẹnikẹ́ni kò tẹ̀ ẹ́ jáde, títí di ọdún 1970 tí Francis Olu Okediji àti Oladejo Okediji tún un tò, tí ilé ìtẹ̀wé Yunifásítì Ìbàdàn sì gbé e jáde. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni iṣẹ́ náà fi dúró de òǹkàwé.

Èyí rán mi létí Àlùfáà Samuel Johnson, tí òun náà ṣe olùkọ́ ní Ìbàdàn. Ó parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní ọdún 1897, ó fi ránṣẹ́ sí ìlú òyìnbó, ìwé náà sì sọnù. Ó kú ní ọdún 1901. Dókítà Obadiah Johnson, àbúrò rẹ̀, ni ó fi àwọn àkọsílẹ̀ tí ó kù tún un kọ, ọdún 1921 ni a sì tó tẹ̀ ẹ́. Ẹ wò ó bí ìmọ̀ nípa ara wa ṣe máa ń fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ sínú odò! Nígbà tí mo ka ìtàn àwọn méjèèjì, mo sọ fún ara mi pé ẹni ọdún méjìdínlógójì kò tíì dàgbà jù láti bẹ̀rẹ̀.

FỌ́Ọ̀MÙ ÀKỌ́KỌ́, FỌ́Ọ̀MÙ KEJÌ

Mo ti ní oyè àkọ́kọ́ nínú ẹ̀kọ́ ìtàn, tí mo fi àkókò ìsinmi kà gbà. Mo ra fọ́ọ̀mù. Wọ́n ní kí ilé-ẹ̀kọ́ tí mo ti kàwé tẹ́lẹ̀ fi èsì ìdánwò mi ránṣẹ́ fúnra rẹ̀, kí olùkọ́ mi àtijọ́ mẹ́ta kọ̀wé jẹ́rìí sí mi, kí èmi náà sì kọ ojú ewé méjì nípa ohun tí mo fẹ́ wádìí.

Èsì ìdánwò yẹn ni ó kọ́kọ́ fi ojú mi rí màbo. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni mo lọ sí ọ́fíìsì kan. Lónìí, akọ̀wé kò wá. Lọ́la, kọ́kọ́rọ́ kò sí. Lọ́túnla, iná kò sí. Nínú àwọn ẹlẹ́rìí mẹ́ta, ọ̀kan ti lọ sí òkè òkun, ọ̀kan sì ti gbàgbé mi pátápátá, àfi ìgbà tí mo rán an létí pé èmi ni mo máa ń bá a ti ọkọ̀ rẹ̀.

Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, wọn kò gbà mí. Mo lọ béèrè ìdí. Olùkọ́ kan níbẹ̀ ṣàánú mi, ó mú ìwé mi jáde. Mo ti kọ ọ́ síbẹ̀ pé, "Mo fẹ́ kọ́ nípa àṣà Yorùbá." Ó ní, "Ọ̀gbẹ́ni, òkun ni àṣà Yorùbá. Igbá kan ṣoṣo ni o mú dání. Apá ibo ni o fẹ́ bù?" Ọ̀rọ̀ yìí ni ó ṣí mi lójú. Ní ọdún kejì, mo kọ ọ́ pé mo fẹ́ mọ bí àwọn àjèjì ṣe ń rí ilẹ̀ dáko kòkó lábà ní ìhà ìlà-oòrùn Ìbàdàn, àti bí wọ́n ṣe ń san ìṣákọ́lẹ̀ fún onílẹ̀. Wọ́n gbà mí.

Ó wá ku owó. Ìyá mi kò bi mí ju ìbéèrè kan lọ: "Ìwé tí o fẹ́ kà yìí, ṣé wọ́n ń fi jẹun?" Mo ní n kò mọ̀. Ó dákẹ́. Ní ọjọ́ kẹta ó kó owó èésú rẹ̀ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà lé mi lọ́wọ́. Owó tí ó fẹ́ fi ra àpò gàrí láti Ìjàyè ni. Ẹ̀yin ìyá lọ́jà, ẹ mọ ohun tí ó jẹ́ kí ènìyàn gbé owó ọjà fún ọmọ tí ó ti ní ọmọ tirẹ̀.

OHUN TÍ WỌ́N KỌ́ WA NÍ KÍLÁÀSÌ

Ní ọdún àkọ́kọ́, à ń gbọ́ ẹ̀kọ́, a sì ń ṣe ìdánwò. Wọ́n kọ́ wa nípa Malinowski, ọmọ ilẹ̀ Pólándì, tí ó pàgọ́ sí àárín àwọn ará erékùṣù Trobriand nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, tí ó kọ́ èdè wọn, tí ó sì kọ́ ayé pé a kò lè jókòó sí ọ́fíìsì kí a mọ ènìyàn. Ọmọ ẹ̀kọ́ rẹ̀ ni Jomo Kenyatta, tí ó kọ ìwé nípa àwọn Kíkúyù ènìyàn rẹ̀ ní ọdún 1938 kí ó tó di olórí ìlú Kẹ́ńyà. Kofi Busia tí ó jẹ́ olórí ìjọba Gánà láti ọdún 1969 sí 1972 kọ́ ìmọ̀ yìí ní Oxford. Azikiwe tiwa náà kọ́ ọ ní Yunifásítì Pennsylvania ní Amẹ́ríkà. Nígbà tí mo sọ èyí fún ìyá mi, ó ní, "Áà, wọ́n ń fi jẹun nìyẹn!"

Wọ́n kọ́ wa nípa William Bascom, ará Amẹ́ríkà tí ó wá gbé Ifẹ̀ ní ọdún 1937, tí ó sì gba oyè ọ̀mọ̀wé ní ọdún 1939 gan-an tí Fadipe gba tirẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tí ó wọ̀ mí lára jù ni ti obìnrin aláwọ̀ dúdú ará Amẹ́ríkà kan, Gloria Marshall, tí ó wá yí orúkọ rẹ̀ padà sí Niara Sudarkasa. Ó wá gbé Àwẹ́ lẹ́bàá Ọ̀yọ́ ní ọdún 1961 sí 1962. Àwọn obìnrin ọjà ni ó kọ́ ẹ̀kọ́ lọ́dọ̀ wọn: bí wọ́n ṣe ń rí owó bẹ̀rẹ̀ òwò, bí wọ́n ṣe ń lọ sí ìdálẹ̀, bí owó ọkọ ṣe yàtọ̀ sí owó aya. Ìwé rẹ̀ jáde ní ọdún 1973. Mo ka á, mo rí ìyá mi nínú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Iṣẹ́ tí mo rò pé kò sí ẹni tí ó kà á sí, ẹlòmíràn ti gun ọkọ̀ òfuurufú wá láti kọ́ ọ.

IBI TÍ WỌ́N TI Ń BẸ̀RÙ ẸNI TÍ Ó MÚ BÍRÒ

Ìgbà tí mo dé abà ni mo mọ̀ pé ìwé kíkà rọrùn. Bí mo bá ti yọ bírò, ẹnu gbogbo ènìyàn yóò pa mọ́. Ẹ má dá wọn lẹ́bi. Ní ilẹ̀ wa, ẹni tí ó bá mú bírò wá sí oko kò mú ire wá rí. Àwọn wolé-wolé mú bírò wá, wọ́n sì kọ orúkọ ẹni tí àmù rẹ̀ ní tanwíji. Akọ̀wé owó-orí mú bírò wá. Ní àwọn ọdún 1940, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba wá ka igi kòkó tí àrùn mú ní àyíká Ìbàdàn, lẹ́yìn kíkà ni wọ́n gé e lulẹ̀ níṣojú àwọn tí ó gbìn ín. Ní ọdún 1968 sí 1969, ọ̀rọ̀ owó-orí di ogun Àgbẹ̀kọ̀yà. Akanran ní Ọ̀nà-Àrà níbẹ̀ ni Táfà Adéoyè ti dìde, ẹ̀jẹ̀ àgbẹ̀ àti ti ọlọ́pàá sì ta sílẹ̀. Àwọn tí ó jókòó pẹ̀lú Baálẹ̀ ní òwúrọ̀ tí mo dé, ọ̀dọ́ ni wọ́n nígbà náà. Nísinsin yìí sì rèé, àwọn tí ń ra ilẹ̀ fún ilé kíkọ́ ti ń bọ̀ láti Ìbàdàn. Bírò ni àwọn náà mú dání.

Èmi náà tún fi ọwọ́ ara mi ba nǹkan jẹ́. Mo bi bàbá kan pé ọmọ mélòó ni ó bí. Ó dìde, ó wọlé, kò sì jáde mọ́. Ọmọ rẹ̀ ni ó wá sọ fún mi pé a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Èmi tí mo jẹ́ ọmọ Yorùbá! Ilé-ẹ̀kọ́ ti mú kí n gbàgbé ohun tí ìyá mi kọ́ mi.

Mo bá kó ìwé mi sínú àpò. Fún oṣù méjì n kò bi ẹnikẹ́ni ní ohunkóhun. Mo wọ ẹgbẹ́ àáró, mo ń bá wọn ro ẹ̀gẹ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ọmọ kékeré ń fi ebè mi ṣe yẹ̀yẹ́. Mo ń kọ lẹ́tà fún ẹni tí ọmọ rẹ̀ wà ní Èkó. Nígbà tí kòkó gbó, mo jókòó pẹ̀lú àwọn obìnrin ní ibi tí wọ́n ti ń fọ́ ọ. Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe é rí mọ̀ ọ́n: a ó jókòó yí òkìtì kòkó ká, a ó máa fọ́ ọ, a ó máa kó èso rẹ̀ sínú agbọ̀n, a ó fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó fún ọjọ́ márùn-ún tàbí mẹ́fà kí a tó sá a sóòrùn. Ọwọ́ ń ṣiṣẹ́, ẹnu kò sì sinmi. Níbẹ̀ ni ìtàn ti bẹ̀rẹ̀ sí í jáde láìjẹ́ pé mo béèrè.

Ẹni tí ó fẹ́ràn mi jù ni ìyá arúgbó kan tí gbogbo abà ń pè ní Ìyá Àgbà. Òun ni ó fún mi láṣẹ láti fi ẹ̀rọ gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀.

Ọ̀RỌ̀ TÍ ÌYÁ ÀGBÀ SỌ

Ní alẹ́ ọjọ́ kan, Ìyá Àgbà sọ ohun tí n kò retí. Gbogbo ìdílé ọkọ rẹ̀ ni ó ń sọ pé àwọn ni onílẹ̀ abà náà. Ìyá ní rárá. Baba-baba ọkọ òun ni ó wá tọrọ ilẹ̀ lọ́wọ́ ìdílé kan nílé Ìbàdàn. Lọ́dọọdún ni wọ́n ń san ìṣákọ́lẹ̀: iṣu, epo, nígbà tí ó yá, owó kòkó. Òun fúnra òun, nígbà tí òun ṣì jẹ́ ìyàwó tuntun, ni òun máa ń ru kèrègbè epo náà tẹ̀lé ìyá ọkọ òun lọ sí Ìbàdàn. Nígbà tí ìjọba gé kòkó, kò sí ohun tí a ó fi san án. Olórí ìdílé onílẹ̀ kú, kò sì sí ẹni tí ó tún wá béèrè. Bí ọmọ ṣe ń bí ọmọ, "ilẹ̀ tí a tọrọ" di "ilẹ̀ baba wa".

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ mọ ohun tí ọ̀rọ̀ yìí jẹ́. Nínú àṣà wa, àti nínú kóòtù pẹ̀lú, ẹni tí ó bá san ìṣákọ́lẹ̀ ti jẹ́wọ́ pé òun kọ́ ni òun ni ilẹ̀. Òfin ilẹ̀ ti ọdún 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà, ṣùgbọ́n kò pa ìjà ìdílé rẹ́. Nígbà tí mo kọ ọ̀rọ̀ náà tán, alábòójútó iṣẹ́ mi kà á, ó ní, "Apá yìí ni ó dára jù nínú gbogbo iṣẹ́ rẹ. Èyí ni yóò gbà ọ́ wọlé fún oyè ọ̀mọ̀wé."

Inú mi dùn, mo sì ṣe àṣìṣe ńlá. Mo sọ ọ́ fún ọ̀rẹ́ kan nínú ọkọ̀. Láàárín oṣù kan, ọ̀rọ̀ ti dé Ìbàdàn.

WỌ́N FI OWÓ LỌ̀ MÍ

Ọkùnrin méjì wá bá mi nílé. Ọmọ ìdílé tí Ìyá Àgbà dárúkọ ni àwọn méjèèjì. Wọn kò bá mi jà. Wọ́n ní àwọn ti ń wá ẹ̀rí láti ọjọ́ pípẹ́, pé ohùn ìyá náà àti ìwé mi ni àwọn ń fẹ́ lọ́wọ́ mi fún agbẹjọ́rò àwọn. Wọ́n ka owó sórí tábìlì. Ó ju owó oṣù mi fún ọdún kan lọ. Bẹ́ẹ̀ sì ni mo jẹ owó ilé-ẹ̀kọ́, ìyá mi kò sì tíì rí owó èésú rẹ̀ gbà padà.

Ní ọ̀sẹ̀ kan náà, àwọn ọ̀dọ́ láti abà dúró dè mí ní ìsọ̀ ọlọ́kadà. Wọ́n ní, "Tíṣà, bí ìwé yẹn bá jáde, ìwọ náà kò ní wọ abà yìí kí o jáde."

N kò sùn ní alẹ́ ọjọ́ yẹn. Mo mọ̀ pé ó ṣeé ṣe kí àwọn ará Ìbàdàn jàre. Mo mọ̀ pẹ̀lú pé bí ilẹ̀ bá bọ́ lọ́wọ́ àwọn ará abà, àwọn tí mo bá jẹ ẹ̀bà nínú àwo kan náà ni yóò di aláìnílé. Tí mo bá sì yọ ọ̀rọ̀ náà kúrò, kí ni yóò kù nínú iṣẹ́ ọdún méjì?

Alábòójútó mi kò pàṣẹ fún mi. Ó ní, "Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe tìrẹ, kì í sì ṣe tèmi. Padà lọ bá ẹni tí ó ni ín."

Mo lọ. Mo dọ̀bálẹ̀ fún Ìyá Àgbà, mo sọ ohun gbogbo, títí kan bí ẹnu mi ṣe tú u. Ó gbọ́ mi tán, ó ní, "Tíṣà, nígbà tí mo ń sọ ọ́, ìwọ ni mo ń sọ ọ́ fún. N kò sọ ọ́ fún kóòtù. Bí kóòtù bá fẹ́ gbọ́ ọ, kóòtù mọ ọ̀nà ilé mi. Ẹnu mi kò tíì di." Ó nawọ́, ó gba ẹ̀rọ náà, ó ní kí n fi bí wọ́n ṣe ń pa ohùn inú rẹ̀ rẹ́ han òun. Níṣojú mi ni ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Ní ilé, mo yọ ojú ewé mọ́kànlá kúrò nínú ìwé àkọsílẹ̀ mi, mo dáná sun ún. Mo dá owó padà fún àwọn ará Ìbàdàn pẹ̀lú ọ̀wọ̀, n kò sì sọ fún wọn bóyá wọ́n jàre tàbí wọ́n jẹ̀bi.

NÍWÁJÚ ÀWỌN OLÙDÁNWÒ

Ó gbà mí ní odindi ọdún kan sí i láti tún iṣẹ́ náà kọ. Mo yí orúkọ abà padà, mo sì lọ sí abà mẹ́rin mìíràn ní Ẹgbẹ́dá àti Akínyẹlé, kí ó má baà sí ẹni tí yóò lè tọ́ka sí ìdílé kan. Mo kọ nípa bí ìṣákọ́lẹ̀ ṣe ń bẹ̀rẹ̀ àti bí ó ṣe ń parẹ́, láìsọ pé ti ta ni ó parẹ́.

Ọjọ́ ìdánwò ẹnu kò. Àwọn olùkọ́ márùn-ún jókòó, ọ̀kan nínú wọn ti ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn wá. Òun ni ó bi mí pé, "O sọ níhìn-ín pé ìdílé kan lè gbàgbé pé àjèjì ni òun láàárín ìran mẹ́ta. Ẹ̀rí rẹ dà?" Mo ní, "Ẹ̀rí wà, sà. Ẹni tí ó ni ín ti gbà á padà." Yàrá náà dákẹ́. Ó wò mí fún ìgbà díẹ̀, ó ní, "Ó dára. Ṣùgbọ́n n kò lè fún ọ ní máàkì lórí ohun tí n kò rí."

Mo yege. Ṣùgbọ́n máàkì mi kò tó èyí tí wọ́n fi ń wọlé fún oyè ọ̀mọ̀wé. Mo padà sí kíláàsì mi ní Lágelú, ibẹ̀ ni mo sì wà títí di òní.

Ní ti abà, Ìyá Àgbà fúnra rẹ̀ pe àwọn ọmọ ọkọ rẹ̀ jọ lẹ́yìn tí mo ti kúrò, ó sì sọ fún wọn ohun tí ó ti sọ fún mi. Àwọn kan bínú, wọn kò kí i mọ́. Àwọn kan gbé obì àti epo lọ sí Ìbàdàn láti lọ bẹ onílẹ̀, wọ́n sì gbà kí wọ́n máa jókòó sórí oko wọn. Àwọn tí kò lọ ṣì wà ní kóòtù. Ní ọdún 2017 tí Ìyá Àgbà papò dà, apá méjèèjì ni ó ránṣẹ́ sí mi pé èmi ni kí n kọ ìtàn ìgbé-ayé rẹ̀ tí wọn yóò pín níbi ìsìnkú. Mo kọ ọ́. Baálẹ̀ wà níbẹ̀, ó ti di arúgbó kùjọ́kùjọ́. Ó mú ọwọ́ mi dání, ó ní, "Tíṣà, a ti mọ ẹni tí ó rán ọ."

Àwọn kan yóò ní mo fi òtítọ́ pamọ́. Bóyá bẹ́ẹ̀ ni. Ìyàwó mi pàápàá sọ bẹ́ẹ̀ títí di òní, a sì ti jiyàn lé e lórí kọjá ohun tí a lè kà. Ẹ̀yin náà, ẹ gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò láàárín ara yín, kí ẹ sì dá a bí ó bá ṣe tọ́ lójú yín.

ÌMỌ̀RÀN FÚN ẸNI TÍ Ó BÁ FẸ́ LỌ

Ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ bá ń gbèrò irú ẹ̀kọ́ yìí, ẹ gbọ́ ohun márùn-ún wọ̀nyí lẹ́nu ẹni tí ó ti rìn ín.

Èkínní: ẹ tètè bẹ̀rẹ̀ sí í wá èsì ìdánwò yín àti àwọn ẹlẹ́rìí yín, ó kéré tán oṣù mẹ́fà kí fọ́ọ̀mù tó jáde. Ẹ má ja àjàpá olùkọ́ tí ẹ kò kí láti ọdún mẹ́wàá lójijì. Ẹ lọ kí i kí ẹ tó nílò rẹ̀.

Èkejì: ẹ má bu òkun. Ẹ mú abà kan, ọjà kan, tàbí iṣẹ́ ọwọ́ kan. Ibi tí ẹ ti mọ èdè wọn tí ẹ sì mọ ọ̀nà ibẹ̀ ni ó dára jù. Ní Yunifásítì Ìbàdàn nìkan, ẹ̀ka kan wà fún ìmọ̀ yìí pẹ̀lú ìwádìí ohun àtijọ́ inú ilẹ̀, ilé-ẹ̀kọ́ ìmọ̀ nípa Áfíríkà tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1962 sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ lọ ka ohun tí àwọn tí ó ṣáájú ti kọ kí ẹ tó kọ tiyín.

Ẹ̀kẹta: ìlọ́po méjì àkókò tí wọ́n bá kọ sínú ìwé ni kí ẹ fi sọ́kàn, àti ìlọ́po méjì owó. Ọdún kan àbọ̀ ni wọ́n kọ fún mi. Ọdún mẹ́rin ni mo lò.

Ẹ̀kẹrin: kí ẹ tó yọ bírò, ẹ kọ́kọ́ fi ojú àti etí ṣiṣẹ́. Bí wọ́n bá ní kí ẹ jẹun, ẹ jẹun.

Ẹ̀karùn-ún, tí ó ṣe pàtàkì jù: ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá fi sí yín lọ́wọ́, ẹ má sọ ọ́ nínú ọkọ̀. Ẹyin lohùn, bí ó bá bọ́, kò ṣeé kó.

Ìyá mi ti gba owó èésú rẹ̀ padà, pẹ̀lú aṣọ lé e lórí. Ó sì ń sọ fún àwọn oníbàárà rẹ̀ pé ọmọ òun gba oyè nínú "ìwé ọ̀rọ̀ àwọn ènìyàn". Ní ti ọmọ tí mo rí lọ́jà ní ọjọ́ náà, ó ti ń ta gàrí ní Bódìjà nísinsin yìí, ó sì tún ń kọ́ ìṣirò owó ní ilé-ẹ̀kọ́ alẹ́. N kò na ọmọ kankan mọ́ nítorí ọjọ́ ọjà. Ohun tí mo ń ṣe ni pé kí n wo kàlẹ́ńdà, kí n ka ọjọ́ bí ìyá mi ṣe ń kà á, kí n má sì fi ìdánwò sí ọjọ́ náà.